Ṣé kí n ra adójútòfò ìlera fún ajá mi? Ìbéèrè táwọn ará wa ní Ìlú Ọba ń bi mí, àti ìdáhùn mi

Ajá mi ń jẹ́ Tanímọ̀la. Nígbà tó pé oṣù méje, a ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ mi nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. A sun àgbàdo. Àwọn ọmọdé jẹ ẹ́ tán, wọ́n ju ṣùkù sórí koríko, Tanímọ̀la sì gbé ọ̀kan mì. Lọ́jọ́ kejì ó ń bì. Lọ́jọ́ kẹta kò lè dìde. Ṣùkù àgbàdo kì í dà nínú ajá, ìfun ló máa ń há sí.

Láàárín òru, dókítà ẹran gbé ìwé méjì síwájú mi. Ọ̀kan ni kí n fọwọ́ sí fún iṣẹ́ abẹ, èkejì ni kí n fọwọ́ sí fún abẹ́rẹ́ tí ajá fi ń sùn tí kì í jí mọ́. Iye tó wà lórí ti àkọ́kọ́ jẹ́ £3,140. Mi ò ní adójútòfò, ohun tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní íńṣọ́ránsì. Owó tí mo yá lórí káàdì ni mo fi san án, ó sì gbà mí ní ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kí n tó bọ́ nínú gbèsè náà. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn aládùúgbò ti ń wá bi mí ní ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ìlú Ọba ni mo ń gbé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ni mo sì kọ.

Ṣé NHS ò lè ràn wá lọ́wọ́ ni?

NHS, ètò ìlera ìjọba, kì í tọ́jú ẹranko. Látorí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé orí iṣẹ́ abẹ, àpò yín ni gbogbo ẹ̀ ti ń jáde. Àwa tí a ti pẹ́ níbí ti gbàgbé bí owó ilé ìwòsàn ṣe ń rí, torí kò sẹ́ni tó ń fún wa ní bílì bí a bá gbé ọmọ wa lọ. Ọjọ́ tí ajá bá ṣàìsàn la máa ń rántí.

Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ń san án lóṣooṣù, tí ajá ò sì ṣàìsàn, ṣé wọ́n á dá owó mi padà?

Rárá, àbúrò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀, torí àjọ la mọ̀. Nínú àjọ, bó pẹ́ bó yá, owó tí ẹ dá á padà sọ́wọ́ yín. Adójútòfò ò rí bẹ́ẹ̀. Owó ẹni tí nǹkan kan ò ṣe ajá rẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ajá ẹni tí mọ́tò gbá. Bí ọdún bá yí tí ẹ ò béèrè ohunkóhun, owó yẹn ti lọ nìyẹn. Ohun tí ẹ fi rà ni pé bí ohun ńlá bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún náà, ẹ ò ní í dá a gbé.

Kì í sì í ṣe àṣà àná. Ní Swídìn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún ajá ní 1924, ó sì dé Ìlú Ọba ní 1947. Ní ọdún 2022, owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò san níbí lórí ajá, ológbò àti irú wọn ju bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó yẹ èmi?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí bóyá ẹ máa jèrè. Bí gbogbo ẹni tó rà á bá ń jèrè, ilé-iṣẹ́ náà ò ní í lè ṣílẹ̀kùn lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun kan ni mo máa ń bi èèyàn: bí dókítà bá pè yín lálẹ́ òní pé ajá yín máa yè, àmọ́ £5,000 ni yóò ná yín, kí lẹ máa ṣe?

Àwọn kan á sọ pé owó wà nílẹ̀. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ nílò adójútòfò, a ṣì máa sọ̀rọ̀ tiwọn. Àwọn kan á sọ pé àwọn ò ní í ná iye yẹn lórí ajá láéláé, ìbáà jẹ́ pé ó wà. Mi ò bá wọn jà. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n ti bá ará ilé wọn sọ ọ́ ní gbangba, pàápàá àwọn ọmọ, kí ọ̀rọ̀ náà má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ nínú yàrá dókítà. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bi mí wà láàárín: wọn ò ní owó yẹn, wọn ò sì lè wo ojú ajá yẹn kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kejì. Ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín ni adójútòfò wà fún. Mo ti jókòó síbẹ̀ rí, mo mọ bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n tí èèyàn bá di bírò mú.

Kí ẹ lè mọ bí owó ṣe ń rí: iṣẹ́ abẹ orúnkún tí iṣan inú rẹ̀ já, èyí tó wọ́pọ̀ gan-an lára ajá ńlá, sábà máa ń wà láàárín £3,000 sí £6,000. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, nìkan lè tó £2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó fọwọ́ kan àìsàn náà fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ òru tàbí ọjọ́ Àìkú ni ẹ gbé ajá lọ, owó pé dókítà wò ó lásán ti lè ju £200 lọ.

Irú mélòó ló wà, èwo ni kí n rà?

Mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́ ò san ju owó jàǹbá lọ: mọ́tò gbá ajá, ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Àìsàn ò sí níbẹ̀. Ìkejì ń san owó àìsàn kọ̀ọ̀kan fún oṣù méjìlá péré láti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta ya iye kan sọ́tọ̀ fún àìsàn kọ̀ọ̀kan. Bí iye náà bá tán, ó parí, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ìkẹrin ni wọ́n ń pè ní lifetime: iye kan wà fún ọdún kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá sì tún ìwé ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, iye náà á padà kún, àní lórí àìsàn kan náà.

Ìkejì ló na èmi ní pàṣán. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ṣùkù, mo sáré lọ ra èyí tó pọ́ọ́kú jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò ka inú rẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún Tanímọ̀la. Ó ń fẹnu jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ títí tó fi ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń fi etí nulẹ̀. Dókítà ní ohun tí ara rẹ̀ kọ̀ ni, pé oògùn ni yóò máa lò títí ayé. Ilé-iṣẹ́ náà san owó fún oṣù méjìlá láìjanpata. Ní oṣù kẹtàlá, lẹ́tà dé: ó tán. Mo gbìyànjú láti lọ síbòmíràn, gbogbo ibi tí mo dé ni wọ́n ti ní ara yíyún yẹn ti wà tẹ́lẹ̀, àwọn ò ní í fọwọ́ kàn án. Ajá ò yí padà, ara rẹ̀ ṣì ń yún, owó oògùn ni ò ní olùrànlọ́wọ́ mọ́.

Nítorí náà, bí agbára bá ká a, lifetime ni kí ẹ rà. Ìtọ̀ ṣúgà, wárápá, àrùn ọkàn, oríkèé ríro: àwọn nǹkan tó ń jẹ owó ajá kì í parí láàárín oṣù méjìlá. Ẹ tún wo iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọdún kan. Lifetime tí kò ju £2,000 lọ lọ́dún dára létí, àmọ́ orúnkún kan ṣoṣo ti kọjá rẹ̀. Bí ó bá ṣe é ṣe, ẹ wá èyí tó tó £7,000 sókè.

Kí ni wọ́n ń pè ní àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀?

Bí ẹ ò bá ka ìyókù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka èyí.

Ohunkóhun tí ajá yín ti ṣàfihàn kí ẹ tó ra adójútòfò, ìbáà má tíì lórúkọ, wọn ò ní í san owó rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí dókítà pè ní àìsàn nìkan ni wọ́n ń wò. Àpẹẹrẹ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá béèrè owó, ilé-iṣẹ́ náà á gba fáìlì ajá yín lọ́wọ́ dókítà, wọ́n á kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ lè ti sọ fún dókítà lójú ọ̀nà pé ó dà bíi pé ajá ń tiro díẹ̀ lánàá, dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, iṣan orúnkún já, wọ́n á sì tọ́ka sí gbólóhùn kan yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn, ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n kà sí ọ̀kan: bí orúnkún òsì bá ti ṣe nǹkan tẹ́lẹ̀, ti ọ̀tún náà ti bọ́ síta.

Èyí ò túmọ̀ sí pé kí ẹ máa fi nǹkan pamọ́ fún dókítà. Ajá lẹ máa pa. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ẹ rà á nígbà tí fáìlì ṣì ṣófo.

Bí ẹ bá ń fọwọ́ sí ìwé, ẹ sọ òótọ́. Òfin ọdún 2012 lórí adójútòfò sọ pé ojúṣe yín ni láti dáhùn ohun tí wọ́n bi yín pẹ̀lú ìṣọ́ra tó tọ́. Bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, wọ́n lè fagi lé gbogbo rẹ̀. Bí ẹ ò bá rántí, ẹ ní kí dókítà tẹ fáìlì ajá yín fún yín, kí ẹ kà á fúnra yín. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bí àìsàn kan ò bá padà wá fún ọdún méjì, wọ́n á gbà á wọlé. Ó yẹ kí ẹ béèrè.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ ajá wálé, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni. Ṣé kò tíì yá jù?

Àsìkò tó dára jù lẹ wà yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gba ajá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ rántí pé àkókò ìdúró wà: fún àìsàn, ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ẹ bá rà á kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ẹni tó ta ajá fún yín lè fún yín ní adójútòfò ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ gbà á, àmọ́ ẹ ra tiyín kí ọ̀fẹ́ náà tó tán, torí bí àlàfo bá wà láàárín méjèèjì, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú àlàfo yẹn ti di àìsàn àtẹ̀yìnwá.

Ṣé irú ajá tí mo ní ń dá kún un?

Ó ń dá kún un gidi. French Bulldog àti Pug, àwọn onímú pẹlẹbẹ, kì í rí èémí mí dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn ló nílò iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ọ̀fun. Dachshund, onígbọọrọ ẹ̀yìn, ẹgungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè yẹ̀ kó sì rọ lẹ́sẹ̀ lójijì. Cavalier King Charles, ọkàn ni. German Shepherd àti Labrador, oríkèé ìbàdí àti ìgúnpá. Great Dane àti àwọn ajá aláyà jíjìn, ikùn wọn lè lọ́ pọ̀ kó sì pa wọ́n láàárín wákàtí mélòó kan.

Owó adójútòfò irú àwọn ajá bẹ́ẹ̀ wọ́n, àwọn gan-an ni wọ́n sì nílò rẹ̀ jù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wo iye tí wọ́n ń béèrè lóṣooṣù kí ẹ tó yan ajá. Bí iye yẹn bá dẹ́rù bà yín, ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ nípa ìlera ajá náà ló ń sọ fún yín. Ajá àdàlù sábà máa ń rọrùn díẹ̀.

Kí ni wọn kì í san?

Abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn eégbọn àti aràn, títẹ ajá lọ́dàá, oyún, ọ̀pọ̀ nǹkan tó jẹ mọ́ eyín bí ẹ ò bá máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò eyín lọ́dọọdún. Bí ẹ ò bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un tí parvo, àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá, sì mú un, wọn ò ní í san.

Wọ́n ní mo máa san excess. Kí ni yẹn?

Iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ san nínú owó ìtọ́jú ni, ó sábà máa ń jẹ́ lórí àìsàn kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Bí ajá bá sì dàgbà, ó sábà máa ń jẹ́ láti bí ọdún mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ wọn á ní kí ẹ tún san ìpín kan nínú iye tó kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bílì £2,000, excess £100, ìpín yín 20%. Ẹ yọ £100, ó ku £1,900. Ìdá 20% rẹ̀ jẹ́ £380. Ẹ̀yin á san £480, àwọn á san £1,520. Èyí ló fà á tó fi yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ní adójútòfò náà ní owó díẹ̀ nípamọ́. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n máa san án tààrà fún dókítà tàbí ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ san kí wọ́n tó dá a padà. Tí òru bá dé, ìyàtọ̀ ńlá wà nínú méjèèjì.

Kí ló dé tí owó rẹ̀ fi ń lọ sókè lọ́dọọdún, nígbà tí mi ò béèrè nǹkan kan?

Ajá ń dàgbà, owó dókítà ń wọ́n, 12% owó orí sì wà lórí rẹ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Ti owó dókítà yẹn, àjọ CMA tó ń ṣọ́ ọjà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kíkún lé e lórí ní oṣù Karùn-ún 2024. Ohun kan tí wọ́n ti rí ni pé ní 2013, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ilé ìwòsàn ẹran ló wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 báyìí. Orúkọ tó wà lára ògiri lè má yí padà, kó jẹ́ pé olówó rẹ̀ ti yàtọ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí inú mi ò dùn sí. Láti oṣù Kìíní 2022, àjọ FCA tó ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ owó ti ní kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò má ṣe gba owó lọ́wọ́ oníbàárà àtijọ́ ju bí wọ́n ṣe máa gbà lọ́wọ́ ẹni tuntun lọ. Ilé àti mọ́tò ni òfin yẹn kàn. Kò kan ajá. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni ajá aláìsàn ni ò lè kó ẹrù lọ síbòmíràn. Ẹ máa retí pé £35 òní lè di £80 nígbà tí ajá bá darúgbó, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ẹ máa lè san án nígbà yẹn. Ẹni tó san án fún ọdún mẹ́jọ tó wá jáwọ́ ní ìkẹsàn-án ti jáwọ́ níbi tó ti nílò rẹ̀ jù.

Tí mo bá ń fi iye yẹn pamọ́ fúnra mi ńkọ́?

Ó dára bí ẹ bá ti ní £5,000 nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹ ò sì ní í fọwọ́ kàn án nítorí òkú tàbí ìgbéyàwó nílé. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa: mélòó nínú wa ni ìpè ò ní í ti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin wọlé kí owó ajá tó pé ọdún kan? Bí ẹ bá sì ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo, £40 lóṣù á di £480 lọ́dún. Oṣù méje ni Tanímọ̀la wà nígbà tó gbé ṣùkù mì. Ká tiẹ̀ ní láti ọjọ́ tí wọ́n bí i ni mo ti ń fi pamọ́, £280 péré ni ǹ bá ní.

Bí ajá mi bá bu ẹlòmíràn jẹ tàbí tó bá fa jàǹbá?

Ẹ máà fojú kékeré wo èyí. Bí ajá bá já mọ́ yín lọ́wọ́, tó sáré sójú títì, tí oníkẹ̀kẹ́ sì ṣubú tó fọ́ orí, ẹ̀yin ni òfin lè dì mú. Òfin ẹranko ti 1971 wà nílẹ̀. Owó gbà-máà-bínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lè ju ohun tí dókítà ajá èyíkéyìí lè béèrè lọ. Ọ̀pọ̀ adójútòfò ìlera ajá ní ààbò tó ń san owó ohun tí ajá yín bá ṣe fún ẹlòmíràn nínú, kì í ṣe gbogbo wọn. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ fẹ́ ra ti ìlera, ẹ wo Dogs Trust, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń tọ́jú ajá: àwọn tó bá wọ ẹgbẹ́ wọn ń rí ààbò ti ẹlòmíràn yìí gbà ní owó táṣẹ́rẹ́ lọ́dún. Ẹni tó bá sì ní XL Bully, irú ajá ńlá alágbára kan tí òfin kà sí eléwu, ní England tàbí Wales, dandan ni, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2024: ìwé àṣẹ àti ààbò náà, tàbí kó di ẹ̀ṣẹ̀ sí òfin.

Mi ò lówó rẹ̀ rárá. Ṣé kí n má ní ajá ni?

Mi ò ní í sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. PDSA wà, ẹgbẹ́ aláàánú tí Maria Dickin dá sílẹ̀ ní Whitechapel ní 1917 fún ẹran àwọn tálákà. Bí ẹ bá ń gba irú owó ìrànwọ́ ìjọba bíi Universal Credit, tí ilé yín sì wà ní agbègbè ilé ìwòsàn wọn, wọ́n lè tọ́jú ajá yín lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó. Blue Cross, ẹgbẹ́ aláàánú mìíràn, náà ní ilé ìwòsàn ní Victoria ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1906. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ajá tó ṣàìsàn. Ìtìjú ò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ sì mọ èyí: bí ajá bá ń lo oògùn títí, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé oògùn lọ́wọ́ dókítà kí ẹ fi ra á níbòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa san nǹkan díẹ̀ fún ìwé náà, àmọ́ iye tí mo ń rí tọ́jú lórí oògùn ara yíyún Tanímọ̀la ju ìyẹn lọ dáadáa.

Wọ́n kọ̀ láti sanwó fún mi. Ṣé ó ti parí?

Kò tíì parí. Ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn sí ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sọ gbólóhùn inú ìwé àdéhùn tí ẹ dúró lé. Ẹ bẹ dókítà yín kó kọ lẹ́tà bí ó bá gbà pé àìsàn náà jẹ́ tuntun; mo ti rí ibi tí lẹ́tà yẹn ti yí ọ̀rọ̀ padà. Bí wọ́n bá fún yín ní ìdáhùn ìkẹyìn tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, tàbí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọjá láìsí ìdáhùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service, àjọ tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ owó. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kó ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn ìdáhùn ìkẹyìn yẹn.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni, tí ẹ kà á tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ 14 wà fún yín láti dá a padà.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, kí lẹ ṣe?

A ti ní ajá kejì, Ìwàlẹwà. Ọjọ́ tí a mú un wálé ni mo ra lifetime fún un, £8,000 lọ́dún, kí dókítà tó fojú kàn án. Ti Tanímọ̀la ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe: ara yíyún àti ìfun, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Mo fi í sí adójútòfò jàǹbá àti ti ẹlòmíràn, mo sì ń fi £60 pamọ́ fún un lóṣooṣù nínú àkáǹtì tí ọkọ mi ò lè fọwọ́ kàn, tí èmi náà ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. A ṣì ń sun àgbàdo lọ́jọ́ ìbí ọmọ wa. Mo máa ń ka àgbàdo kí n tó pín in, mo sì máa ń ka ṣùkù kí n tó tú àwọn ajá sílẹ̀.